Èsì wa lórí fáìlì gígábáìtì 11 tó di 80

Ẹ kú àsìkò yìí, sà, okun o. A ti ka ohun tí ẹ kọ pẹ̀lú ìràwọ̀ kan ṣoṣo: pé fáìlì yín kò gbà ju gígábáìtì 11 lọ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín, pé ó di 80 lẹ́yìn tí a dà á kọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kabba, àti pé ọgbọ́n àyínìke la fi ta díìsìkì ńlá fún yín. A jẹ̀bi, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi tí ẹ kà sí wa lọ́rùn.

Díìsìkì kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ Linux, ni fáìlì náà. Ó dà bí oko iṣu tí a ti pààlà rẹ̀ tán, tí a kò sì tíì kọ ebè sí ju apá kan lọ: ààlà rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 80, èyí tí ls -l, àṣẹ Linux tó ń to orúkọ fáìlì, ń kọ, ebè inú rẹ̀ jẹ́ 11, èyí tí du, àṣẹ tó ń wọn àyè tí fáìlì gbà gan-an, ń kọ, ìyókù jẹ́ ihò tí kò gba àyè kankan. Bí ètò kan bá ka ihò, òdo ni kernel, ọkàn Linux, ń dá padà fún un, ètò tí kò bá sì bìkítà yóò kọ gbogbo òdo náà sílẹ̀, bí ẹni tó kọ ebè kún ilẹ̀ tí kò ní irúgbìn tí yóò gbìn sí i. Láti inú Linux 3.1, lọ́dún 2011, ni ètò ti lè fi SEEK_DATA àti SEEK_HOLE béèrè ibi tí ihò wà, cp òde òní, àṣẹ tí a fi ń da fáìlì kọ, sì ń béèrè fúnra rẹ̀. dd, àṣẹ ìdàkọ mìíràn, ni ọmọ iṣẹ́ wa lò, torí ó fẹ́ máa rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kò sì fi conv=sparse, tó ń ní kí dd fo òdo, kún un.

Ká tiẹ̀ ní ó fi kún un, exFAT, ètò ìtọ́jú fáìlì tí ẹ ní kí a fi sí díìsìkì náà, kí Windows lè kà á, kò mọ ihò rárá. Ibẹ̀ ló yẹ kí a ti ṣàlàyé fún yín kí ẹ tó sanwó, a kò sì ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ohun inú fáìlì yín pé: sha256sum, àmì tí a fi ń mọ̀ bóyá ohun inú fáìlì méjì jọra, ti méjèèjì bára mu.

Ẹ gbé díìsìkì náà padà wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. A óò fi tar -S, àṣẹ tó ń di fáìlì láì kó òdo inú ihò mọ́ ọn, dì í lọ́fẹ̀ẹ́, yóò wà ní nǹkan bíi gígábáìtì 11 lórí exFAT, ihò rẹ̀ yóò sì padà nígbà tí ẹ bá tú u sórí ext4, ètò ìtọ́jú fáìlì Linux tó mọ ihò. Bí ẹ bá fẹ́ díìsìkì kékeré, a óò gba ńlá, a óò sì dá ìyàtọ̀ owó padà. Ẹ má tíì pa fáìlì àtijọ́ rẹ́ kí ẹ tó dé.