Ẹ yé sọ fún mi pé kíláàbù ju agbábọ́ọ̀lù lọ

Ó ti sú mi. Mi ò lè dárúkọ Victor Osimhen, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli, kíláàbù ìlú Naples ní Ítálì, mọ́ kí ẹnì kan má yọjú pé kíláàbù ló ń dúró, pé agbábọ́ọ̀lù á lọ, òmíràn á dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò kan tún sọ ọ́ sí mi lójú níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kétu. Ó wo jẹ́sì Napoli tó wà lọ́rùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní bọ́ aṣọ yìí ni? Ẹni tí ẹ torí ẹ̀ rà á ti lọ tipẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì torí pé eré ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ẹni tí wọ́n bí sí Naples, tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e kọ́rùn lọ sí pápá láti kékeré, onítọ̀hún lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kíláàbù lòun ń bá lọ. Ìlú rẹ̀ ni. Èmi ńkọ́? Kí ló da èmi àti Naples pọ̀? Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, mi ò sì gbọ́ èdè wọn. Títí di ọdún 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa Napoli ò kọjá Maradona, àwọn àgbà tó rántí 1987 àti 1990 tó fi gba líìgì fún wọn ló sì máa ń sọ ìyẹn. Àfìgbà tí Napoli ra ọmọ wa lọ́wọ́ Lille, kíláàbù kan ní ilẹ̀ Faransé. Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún wọn, tí a ń ka ojú àmì wọn bíi pé owó oṣù wa wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará apá ibí yìí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Olúsosùn tí Osimhen ti dàgbà, Òjótà níbí ni. Tí ẹ bá ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé ìtòsí ààtàn. Ọmọ Edo ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Èkó ló tọ́ ọ, ó sì ń sọ Yorùbá bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Ó ta omi inú ọ̀rá láàárín sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé orí ààtàn yẹn lòun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ti máa ń wá bàtà bọ́ọ̀lù. Ta ni ò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Láàárọ̀ òní gan-an, ọ̀kan sá tẹ̀ lé ọkọ̀ wa ní Òjótà, ó fi ọwọ́ kan di abọ́ omi orí rẹ̀ mú, ó na ìkejì wọlé láti ojú fèrèsé láti gba owó lọ́wọ́ ìyá tó jókòó tì mí. Dẹ́rẹ́bà ò dúró dè é. Ó sáré títí ó fi gba owó ẹ̀.

Irú ọmọ yẹn ló lọ sí Chile lọ́dún 2015, tó gbá góólù 10 wọlé nínú ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ, tí Nàìjíríà fi gba ife ẹ̀yẹ. Ó dé Wolfsburg ní ilẹ̀ Jámánì, kò rí góólù kan gbá níbẹ̀. Kíláàbù méjì ní ilẹ̀ Belgium wò ó, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, kí Charleroi, kíláàbù Belgium míràn, tó gbà á lọ́dún 2018. Kò jókòó sunkún. Ẹ wá ń sọ fún mi pé aṣọ ni kí n nífẹ̀ẹ́, kí n fi ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀?

Níbi tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí bàbá tó ni ibẹ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré ọjọ́ náà sí. Ní sáà 2022 sí 2023, NAPOLI ló máa ń wà lókè pátákó yẹn, Arsenal àti Man U á wá tẹ̀ lé e. Ní Èkó o! Ìgbà wo ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí? Nígbà tó wá di ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, 2023, Napoli lọ bá Udinese, ojú àmì kan péré ló kù kí líìgì di tiwọn. Ilé kún débi pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé dúró síta, wọ́n ń yọjú láti ojú fèrèsé. Udinese ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A padà wọ ìlàjì kejì, bọ́ọ̀lù ta jáde látọwọ́ aṣọ́lé, ọmọ wa, tòun ti ìbòjú dúdú tó máa ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, gbá a wọnú àwọ̀n. Bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí ṣubú, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣubú. Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí mi ò rí kó wo bọ́ọ̀lù rí, gbé ṣíbí ẹ̀ dání wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bèèrè pé, "Ṣé ọmọ wa ni? Ṣé ọmọ wa ló gbá a?" A ní òun ni. Ó ní Ọlọ́run ṣeun.

Ọdún 33 ni Naples ti ń retí ẹ̀. Ọmọ Olúsosùn ló gbá góólù tó mú un wá. Góólù 26 ló gbá nínú líìgì lọ́dún yẹn, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣáájú gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ ayò ní Ítálì. Ní àdúgbò wa, àwọn ọmọdé gé páálí, wọ́n fi èédú kùn ún dúdú, wọ́n so ó mọ́jú bíi tiẹ̀, gbogbo wọn ni èédú ń kùn lẹ́nu kiri ojúlé. Kó tó di ìparí ọdún náà, ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, èyí tí ọmọ Nàìjíríà kankan ò gbà mọ́ látìgbà Kanu lọ́dún 1999.

Kí wá ni ẹgbẹ́ yẹn fi san án fún un? Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn ayẹyẹ yẹn, ó pàdánù pẹ́nárítì kan nígbà tí wọ́n lọ bá Bologna. Napoli fúnra wọn, lórí TikTok tiwọn, ló gbé fídíò jáde tí wọ́n fi ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá o. Kì í ṣe àwọn ará Juventus. Wọ́n padà yọ ọ́ kúrò, àmọ́ a ti rí i. Ọmọ náà pa àwọn fọ́tò Napoli rẹ́ lójú ewé Instagram rẹ̀, inú mi dùn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di 2024, wọ́n fẹ́ tà á, wọn ò sì fẹ́ kó lọ lówó pọ́ọ́kú. Nínú ìwé àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ ní ìparí 2023, iye tí wọ́n kọ pé ẹni tó bá fẹ́ rà á máa san ju yúrò mílíọ̀nù 100 lọ. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sílẹ̀? Chelsea wá, kò bọ́ sí i. Al-Ahli ti Saudi wá, ìyẹn náà fọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù míràn, Ivan Toney, dípò rẹ̀. Ọjà tí wọ́n ti ń ra agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tì, ti Ítálì ti tì. Napoli ti ra Lukaku sí ipò rẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ẹni tó gba líìgì fún wọn ló jókòó láìníbi tó ń lọ yẹn! Ti ilẹ̀ Tọ́kì ò tíì tì, ìyẹn ló jẹ́ kí Galatasaray rí i yá. Àwọn èrò tó lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Istanbul, mo wo fídíò yẹn, mi ò mọye ìgbà. Inú mi dùn pé àwọn kan mọ iyì rẹ̀.

Mo ti mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní òun náà ló fẹ́ lọ. Ẹ ó ní owó ló ń wá. Ta ni nínú yín ni wọ́n máa fún ní ìlọ́po owó oṣù ní ibòmíràn tí ò ní lọ láàárọ̀ ọ̀la? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan míràn.

Ní Galatasaray, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, góólù 37 ló gbá nínú gbogbo ìdíje, wọ́n gba líìgì, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Tọ́kì. Ìparí oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n rà á pátápátá ní yúrò mílíọ̀nù 75, kò sì sí kíláàbù Tọ́kì kankan tó ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan rí. Ó yẹ kí n máa yọ̀. Àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ wò ó? Bàbá onípátákó yẹn ò gbé eré Tọ́kì sójú amóhùnmáwòrán. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ kàn bá wa yí ẹyọ tẹlifíṣọ̀n kan síbẹ̀." Ó ní ta ló fẹ́ wò ó, ṣé èmi nìkan ló máa san owó jẹnẹrétọ̀ ni? Ẹni tó ń gbé orúkọ ọmọ yìí sókè nígbà tó ń pa owó fún un! Orí fóònù ni mo ti ń wò ó báyìí, dátà á jẹ tán, àwòrán á dúró gbagidi nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àfìgbà tí Liverpool lọ bá wọn ní Istanbul, ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, 2025. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá fi eré náà hàn. Ó kọ LIVERPOOL gàdàgbà-gadagba sára pátákó, kò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bá gbá. Ọmọ wa gbá pẹ́nárítì wọlé, òdo sí ẹyọ kan ló parí. Mo dìde, mo pariwo. Àwọn ará Liverpool tó yí mi ká wò mí bí ẹni tó wá jà wọ́n lólè. Ọmọ Òjótà ló gbá a wọlé o, ní Kétu la sì wà.

Ohun kan ló kù tí mi ò rí ibi tó yẹ kí n fi sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Napoli tún gba líìgì, láìsí ọmọ wa níbẹ̀, láìsí Kvaratskhelia, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti tà fún PSG. Mo ti sọ pé mi ò ní wò ó. Mo wò ó. Nígbà tí McTominay gbá bọ́ọ̀lù wọlé Cagliari fún Napoli, ọkàn mi fò sókè kí n tó rántí pé mò ń bínú. Lukaku gbá ìkejì, mo jókòó, mi ò pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Mo wá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Kanu ló sọ ọ́ di ará Arsenal lọ́dún 1999, ó ṣì lè ka góólù mẹ́ta tí Kanu gbá ní Stamford Bridge, pápá Chelsea, fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó dúró sí, ẹsẹ̀ tó fi gbá a. Kanu kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2004. Ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò. Mo bi í báwo ló ṣe ṣe é, ṣé kò dùn ún ni? Ó ronú díẹ̀. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí ọjọ́ tí Kanu lọ. Ẹ̀yin tí ẹ di ará Arsenal nítorí Kanu, bóyá ẹ̀yin lè ràn mí lọ́wọ́, torí ìdáhùn tó fún mi yẹn dùn mí ju ti àbúrò tó ní kí n bọ́ aṣọ lọ.