Rìsíìtì ilẹ̀ kì í sọ ohun tẹ́ ẹ lè kọ́ sórí ilẹ̀ yín n'Ìbàdàn

"Ilẹ̀ mi ni, owó mi ni mo fi rà á, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó bá wù mí ni màá kọ́ síbẹ̀." Láti Apata títí dé Mọ́níyà, ọ̀rọ̀ yìí ò wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn, àwọn tó ń ta ilẹ̀ gan-an sì ń fi í polówó ọjà. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ti jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn gbé. Ta ló ni ilẹ̀? Ìbéèrè kan nìyẹn. Kí ni wọ́n lè lo ilẹ̀ náà fún? Ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìkíní kọ́ ni wọ́n ti ń dáhùn ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká tú àwọn ìwé náà wò. Rìsíìtì àti ìwé àdéhùn tí mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí fọwọ́ sí ń sọ pé ẹ ti sanwó, pé ẹbí sì ti yọ̀ǹda ilẹ̀ fún yín. Ìwé sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà gan-an, bó ṣe tóbi tó, àti nọ́ńbà òpó kéékèèké tí wọ́n rì sí igun rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ lè kọ́ ilé epo tàbí ilé ẹ̀kọ́. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ló mẹ́nu kan ìlò, ààlà ló sì ń pa fún un: bí wọ́n bá kọ ilé gbígbé síbẹ̀, ilé gbígbé náà ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, tó sábà máa ń jẹ́ 99, ni C of O fún yín, lábẹ́ àwọn májẹ̀mú tó wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé tí orúkọ àti òǹtẹ̀ wà nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò kí wọ́n tó tì í mọ́ àpótí. Ojú ìwé májẹ̀mú gan-an ló yẹ kí wọ́n kà ní àkàtúnkà.

Kódà, C of O tó sọ ìlò yẹn kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé. Town Planning, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ètò ìlú, ló ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, orí sóònù tí ilẹ̀ bọ́ sí ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Sóònù ni ìsọ̀rí tí wọ́n pín ilẹ̀ ìlú sí: ibi ìgbé, ibi ìṣòwò, ibi ilé iṣẹ́ ńlá, ibi ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́, ibi ìgbafẹ́, ilẹ̀ oko. N'Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí i: Jẹ́ríkò, Oníreke àti Ìyágankú tí ilé ò pọ̀ lórí ilẹ̀, Dùgbẹ̀ tó jẹ́ ti báńkì àti ọ́fíìsì, ọgbà ilé iṣẹ́ Olúyọ̀lé, Sẹkitéríàtì àti ọgbà ìgbafẹ́ ní Agodi. Ibi ìgbé pàápàá ní ìpele, nítorí iye ilé àti iye èèyàn tí ilẹ̀ kan lè gbà yàtọ̀ síra.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọba kàn ń fi èyí gba owó lọ́wọ́ aráàlú ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi. Kànga tàbí borehole ni ọ̀pọ̀ ilé n'Ìbàdàn gbára lé, sókáwè tó wà nínú ọgbà kan náà ni ilé ìyàgbẹ́ wọn sì ń dà sí. Àwọn onímọ̀ ìlera àyíká máa ń fẹ́ kí 30 mítà wà láàárín méjèèjì. Pọ́lọ́ọ̀tì Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100, ìyẹn nǹkan bíi 15.2 mítà ní 30.5. Bí ẹ bá ta okùn láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ó jẹ́ 34 mítà. Àfi kí kànga wà ní igun kan kí sókáwè sì wà ní igun kejì pátápátá kó tó bọ́ sí i. Hááfù pọ́lọ́ọ̀tì, 50 ní 50, kò ju 21.6 mítà lọ láti igun sí igun. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbé méjèèjì sí i kí wọ́n jìnnà síra tó. A ò sì tíì ka sókáwè aládùúgbò, tó lè wà lẹ́yìn ògiri yín níbẹ̀.

Ká wá ní ilé tí wọ́n ṣètò fún èèyàn méje ti di ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ogójì. Sókáwè tí wọ́n gbẹ́ fún èèyàn méje kò tóbi sí i. Yóò kún, omi ìdọ̀tí yóò máa wọ́ gba inú ilẹ̀, aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí àyípadà nínú kànga rẹ̀. Ìdí tí Town Planning fi máa ń bèèrè iye ìdílé tí yóò gbé inú ilé nìyẹn, kì í ṣe iye yàrá nìkan.

Ti ewu ńlá tún wà níbẹ̀. Ìbúgbàù tó wáyé ní Bódìjà lálẹ́ 16 oṣù Kínní 2024 pa èèyàn, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pa mọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Àdúgbò ìgbé ni, ilé sún mọ́ ilé. Iṣẹ́ sóònù ni láti rí i pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ò bá ọmọ tó ń sùn pín ògiri.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni ohun tí wọ́n ń rí ní títì. Wọ́n á ní, "Ilé tó wà lápá ọ̀tún mi ti di ilé oúnjẹ, tòsì ti di báńkì, kí ló dé tí tèmi ò fi ní í jẹ́ ṣọ́ọ̀bù?" Ẹ wo òpópónà Awólọ́wọ̀ ní Bódìjà, níbi tí ilé ìgbé ti ń di ibi ìṣòwò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti gba àṣẹ ìyípadà ìlò, kí èkejì má gba nǹkan kan, kí Town Planning kàn má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n látòde. Àyè tí wọ́n fún aládùúgbò kò kan ilẹ̀ yín, àìgbàṣẹ tirẹ̀ kò sì lè gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri yín.

Ọ̀rọ̀ Bẹẹrẹ, Ọjẹ́, Fòkò àti Ọjà'ba yàtọ̀ díẹ̀. Inú agboolé ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ìgbé lókè, kò sì bọ́gbọ́n mu kí wọ́n máa fi òṣùwọ̀n Jẹ́ríkò wọn ibẹ̀. Síbẹ̀, sóònù àdàlù náà ní òfin, pàápàá lórí ẹnu ọ̀nà tí mọ́tò panápaná lè gbà wọlé.

Etí odò ni kò sí àríyànjiyàn. Omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ 1980 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà. Ti 26 oṣù Kẹjọ 2011 ló bí ètò ìdènà omíyalé tí Báńkì Àgbáyé ṣe ìrànwọ́ fún, èyí tí wọ́n tún fi ya àwòrán ìdàgbàsókè ìlú. Ẹbí lè ta etí odò fún yín tọkàntọkàn, kí rìsíìtì rẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó. Town Planning ò ní í fọwọ́ sí ilé níbẹ̀.

Kódà níbi tí sóònù bá ti gbà yín láyè, gbogbo ilẹ̀ kọ́ lẹ máa kọ́. Ká fi pọ́lọ́ọ̀tì 50 ní 100 yẹn ṣe àpẹẹrẹ, ká ní wọ́n ní kẹ́ ẹ fi 6 mítà sílẹ̀ níwájú, 3 mítà lẹ́yìn, 3 mítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi 9.2 mítà ní 21.5, tó jẹ́ 198 mítà níbùú lóròó nínú 464. Kò tó ìdajì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù yóò tún yọ ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú rẹ̀. Ibi tí àwọn tó ra pọ́lọ́ọ̀tì kan ṣoṣo fún ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọsẹ̀ nìyí: ilé wọlé, pápá ìṣeré ò wọlé.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ fún sọfíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó gbé àwọn nọ́ńbà igun rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, kí wọ́n wo àwòrán bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, kò sì tó. Ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba kó má sì bá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ mu. Ẹ gbé ẹ̀dà kan náà lọ sí Town Planning tó ń bójú tó ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ wà, nínú mọ́kànlá tó wà n'Ìbàdàn. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: sóònù wo ni? Ṣé àtẹ (layout), ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín pọ́lọ́ọ̀tì àti ọ̀nà, tó bo àdúgbò náà ti gba òǹtẹ̀? Àtẹ tí ẹbí fọwọ́ ara wọn yà, tí wọ́n sì fi ń tà, kò ní òǹtẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n yà sínú rẹ̀ lè má sí nínú ìwé ìjọba. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, torí pé òṣìṣẹ́ tó bá yín sọ̀rọ̀ lè ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ra ilẹ̀ tí ìlò rẹ̀ ò bá tiyín mu, ẹ lè bèèrè ìyípadà ìlò, àmọ́ ẹnu ọ̀nà méjì ló ní. Town Planning yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá títì, ìgbọ́kọ̀sí, omi àti àwọn aládùúgbò lè gbà á. Bó bá ní C of O, ẹ̀ka ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí ìlò tó wà nínú májẹ̀mú rẹ̀ padà. Ẹni tó ṣe ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ yóò rí i lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi ilé náà yáwó, tí agbẹjọ́rò báńkì bá tú ìwé, tó rí ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ àmọ́ tó ka ilé gbígbé nínú C of O. Ti Town Planning ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò sí ohun tí ìyípadà inú C of O fẹ́ ṣe fún yín.