Ẹsẹ wo gan-an ni wọ́n fò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé akọrin ètò ìrántí Leonard Cohen, olórin ọmọ Kánádà, yìí fo ẹsẹ nínú orin Cohen, "Hallelujah", ẹ rọra. Ẹsẹ mẹ́rin ni Cohen kọ sínú àwo 1984. Nígbà tí olórin John Cale tún orin náà kọ ní 1991, ó mú méjì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó fi mẹ́ta mìíràn tí Cohen kọ kún un. Ti Cale yìí ni Jeff Buckley, olórin mìíràn, tẹ̀ lé ní 1994. Èwo wá ni ojúlówó?

Onígìtá ètò náà ni kí ẹ bá wí. Níbi tí orin ti dárúkọ ìkẹrin àti ìkarùn-ún, kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí gìtá ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) gbọ́dọ̀ bọ́ sí F, kó tún bọ́ sí G, bí a bá fi C ṣe ohùn ìpìlẹ̀, nítorí F ni ìkẹrin láti C, G sì ni ìkarùn-ún. Onígìtá yìí jókòó pa sórí C! Akọrin náà sì ti fi igbe bẹ̀rẹ̀, kò ríbi gbé ohùn gòkè sí mọ́.