Àtúnṣe: èéfín kọ́ ni yóò jí yín

Ọ̀rọ̀ kan ń kárí WhatsApp pé owó ṣòfò ni aago èéfín (ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí èéfín bá kàn án), pé bí iná bá sọ lóru, òórùn rẹ̀ á jí onílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá sùn wọra, imú rẹ̀ sùn pẹ̀lú. Ariwo ló ń jí ni. Èyí tó tún burú jù ni afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó wà nínú èéfín: kò lóòórùn, kò láwọ̀, ńṣe ló ń kun èèyàn lóorun títí tí kò fi ní lè dìde mọ́. (Òun náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé sẹ́yìn fèrèsé yẹn. Aago tirẹ̀ lọ́tọ̀ o.)

Abẹ́ àjà nítòsí yàrá ni kí ẹ kan aago èéfín mọ́, kì í ṣe kíṣìnì tí dòdò á ti máa mú un ké lójoojúmọ́. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò lóṣooṣù, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá pé ọdún 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ háyà ilé ní England, láti ọdún 2015 ni òfin ti ní kí onílé fi ọ̀kan, ó kéré tán, sí àjà ilé kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ àti òkè, tí èèyàn ń gbé. Ẹ béèrè tiyín.