Ẹ Béèrè Fáírọ́ọ̀sì Tó Ń Sùn Kí Ẹ Tó Kọ Oògùn JAK

Ṣíkìnpọ́ọ̀sì a máa lọ, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì tó fà á kì í lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára (nerve) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń sá pamọ́ sí. Bó bá jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó di shingles: ìléròrò tó ń jóni bí iná ní ẹ̀gbẹ́ kan ara. Oògùn tó ń dí ẹ́ńsáìmù JAK lè jẹ́ kó jí. Nítorí náà, lójú tiwa, kò yẹ kí dókítà kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀, bíi tofacitinib, baricitinib tàbí upadacitinib, fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára shingles.

JAK ni ẹ́ńsáìmù tó ń gba iṣẹ́ tí interferon, purotéènì tí ara fi ń kìlọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti dé, bá rán sí sẹ́ẹ̀lì. Ó ń fi fọ́sífétì sára purotéènì STAT, STAT á sì gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn jíìnì. Ẹni tí làkúrègbé ń dà láàmú ń rí ìtura nígbà tí oògùn bá dí ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ni ara fi ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì.

Nínú iṣan, ti herpes simplex, fáírọ́ọ̀sì mìíràn nínú ẹbí kan náà, tún yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńsáìmù PI3K àti Akt bá ń ṣiṣẹ́, ó ń sùn. Bí wọ́n bá dí PI3K nínú iṣan tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá àyẹ̀wò, ó ń jí. Bí ìnira bá sì bá iṣan, ẹ́ńsáìmù DLK àti JNK ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ti EBV (Epstein-Barr), ọmọ ẹbí yìí náà, wá yí padà pátápátá: títa ẹ́ńsáìmù PKC jí ló ń jí i. Ẹ ò rí i pé a kò lè fi ẹ́ńsáìmù kan ṣe ìdájọ́ òmíràn. Ìwé idelalisib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń dí PI3K, ti kìlọ̀ pé kí dókítà máa ṣọ́ cytomegalovirus, fáírọ́ọ̀sì ẹbí herpes mìíràn.

Ní ti àjẹsára shingles, abẹ́rẹ́ tí kò ní fáírọ́ọ̀sì alààyè nínú ni kí wọ́n lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, oṣù 2 sí 6 láàárín wọn. Fún ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò lè dúró, oṣù 1 sí 2 náà ṣeé ṣe. Láti ọdún 2021, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ẹni ọdún 18 sókè tí oògùn tàbí àìsàn ń dín agbára ara rẹ̀ kù.

Aciclovir, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú shingles, kì í pa fáírọ́ọ̀sì tó ń sùn. Ìgbà tó bá ń bí sí i ló ń dá a dúró. Mílígíráàmù 800, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, ó sì dára jù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72 tí ìléròrò bá yọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù àkókò yìí ni pé ìrora ń ṣáájú ìléròrò, wọ́n á sì pè é ní ẹ̀yìn ríro. Kí àwọn aláṣẹ oògùn pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé aláìsàn: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń ta yín, tó ń jó yín, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.