Ẹ jẹ́ kí Musashi ṣì dúró ná, Funakoshi ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ kàráté tàbí júdò, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ràn láti máa kà nípa wọn, ẹ wá gbọ́ èrò ọkàn mi. Bí ọ̀rọ̀ ìwé nípa ìjà àwọn ará Jàpáànù bá ti délẹ̀, Miyamoto Musashi, jagunjagun onídà ayé àtijọ́, ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìwé rẹ̀ tóbi lójú mi. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gichin Funakoshi, ọ̀gá kàráté, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kà.

Ìlú Shuri ní erékùṣù Okinawa ni wọ́n bí Funakoshi sí ní 1868, iṣẹ́ tíṣà ló sì fi ń jẹun. Nígbà tó darúgbó ló kọ Karate-Do: My Way of Life, ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ló gbájú mọ́. Ó sọ bí ayé ṣe rí nígbà tó jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ kàráté. Òru ló máa ń rìn lọ sílé ọ̀gá rẹ̀, Azato, tòun ti fìtílà lọ́wọ́ bí òṣùpá kò bá yọ. Kata kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀wọ́ ìṣesí ìjà tí wọ́n ti tò kalẹ̀, ni ọ̀gá á ní kó máa ṣe, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, oṣù á gorí oṣù. Azato á jókòó, á máa wò ó, á ní kó tún un ṣe, kó tún un ṣe. Bí Funakoshi bá ń darí bọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àwọn aládùúgbò á máa fura sí i, torí àwọn kan rò pé ilé aṣẹ́wó ló ti ń bọ̀!

Ní 1922, ó lọ fi kàráté han àwọn ará Tokyo, ó sì dúró síbẹ̀ láti máa kọ́ wọn. Owó kò sí. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣọ́nà ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Okinawa ń gbé, ó tún fi aṣọ rẹ̀ dógò kó lè rí nǹkan jẹ. Bàbá tí gbogbo ayé ń wárí fún lónìí nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni ti olè tó dá a lọ́nà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Funakoshi ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, síbẹ̀ ó yẹ ohun tí olè náà fi fẹ́ gbá a lórí, ó sì di ọkùnrin náà mú lábẹ́ títí ọlọ́pàá fi dé. Ṣé ẹ rò pé ó yangàn? Ojú tì í. Ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé tí kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́ ni olè náà, Funakoshi sì gbà pé òun ti ṣe ohun tí òun máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ òun pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀gá tó borí ìjà tó tún wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ti òun, òun ni mo lè fọkàn tán.

Ẹ wá lè mú Musashi lẹ́yìn ìyẹn. Inú ihò àpáta Reigandō, nítòsí Kumamoto, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Go Rin no Sho, ní 1643, ó sì kú ní 1645. Ó ní òun jà lé ní 60 ìgbà láì pàdánù ẹyọ kan. Àwọn oníṣòwò ti sọ ìwé yìí di tiwọn, inú mi ò sì dùn sí i, torí bí a ṣe ń di idà mú, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ibi tó yẹ kí ojú máa wò, irú rẹ̀ ló kún inú apá kejì nínú márùn-ún, èyí tó pè ní ìwé omi. Lemọ́lemọ́ ló ń sọ pé kí ẹ lọ fi dánra wò. Ẹni tí kò bá gbé idà onígi lọ́wọ́ rí á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọjá ni.

Ti Eugen Herrigel ńkọ́, ará Jámánì tó kọ Zen in the Art of Archery ní 1948? Ó dùn ún kà. Àmọ́ ẹ má ṣe dá a kà, ẹ ka ti Yamada Shōji, Shots in the Dark, tẹ̀ lé e. Yamada fi hàn pé Awa Kenzō tó kọ́ Herrigel ní ọfà títa kì í ṣe ẹlẹ́sìn Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, àti pé Herrigel kò gbọ́ èdè Jàpáànù tó bẹ́ẹ̀.

Hagakure, ìwé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn fún àwọn sàmúráì, ìyẹn àwọn jagunjagun Jàpáànù àtijọ́, ni mi ò ní fún ọ̀dọ́ kankan kọ́kọ́ kà. Ọ̀rọ̀ ikú ló kún inú rẹ̀, Yamamoto Tsunetomo tó sọ ọ́ kò sì jagun rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bushido ti Nitobe Inazō, tó jáde ní 1900: èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ láti ṣàlàyé ìlú rẹ̀ fún àwọn àjèjì. Mo gbóríyìn fún un, àmọ́ kì í ṣe ìtàn àwọn sàmúráì.

Bí ìtàn gan-an lẹ bá ń wá, Donn Draeger, ará Amẹ́ríkà tó gbé Jàpáànù tó sì kọ́ iṣẹ́ ìjà lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀, kọ ìwé mẹ́ta lórí rẹ̀ láàárín 1973 sí 1974. Classical Bujutsu ni kí ẹ kọ́kọ́ mú nínú wọn.