Ẹ má pe wọ́n ní òmùgọ̀

Ó máa ń dùn mí tí àwọn alákọ̀wé wa bá ń fi àwọn tó gba ìròyìn òfegè gbọ́ lásìkò kòrónà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní àìkàwé ló fà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ olùkọ́ yunifásítì tó gbà pé 5G, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tuntun, ló ń pa èèyàn, mo sì mọ ìyá alágbo tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú gbogbo wa ládùúgbò.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí fóònù ti ń dún káàkiri: “Ẹ dìde o! Ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pe gbogbo èèyàn yín.” Ọ̀pọ̀ ilé ló bu iyọ̀ sínú garawa ní ìdájí ọjọ́ náà. Láàárín oṣù yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ta ló wá pè wá? Kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni, àna wa ni, ìyàwó pásítọ̀ ni. Ẹni tó kórìíra rẹ ò ní fi oorun sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ kí o yè. Ìfẹ́ ló gbé irọ́ náà rìn, ìdí nìyẹn tó fi yára ju ìkéde ìjọba lọ. Ta ló máa bi ìyá rẹ̀ pé ẹ̀rí dà ní aago mẹ́rin ìdájí?

Ti kòrónà tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ní in ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ ti kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ló máa jẹ lálẹ́, wọ́n ní kó jókòó sílé. Ohun tó ń pani ò ṣeé fojú rí, ọjọ́ tó máa tán nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Jennifer Whitson àti Adam Galinsky ṣe ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2008. Wọ́n kọ́kọ́ mú kí àwọn kan máa rò pé nǹkan ò sí níkàáwọ́ àwọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwòrán wúruwùru sí wọn níwájú. Àwọn kan nínú àwòrán náà ò ní ohunkóhun nínú. Àwọn èèyàn yìí rí nǹkan níbi tí kò ti sí nǹkan, wọ́n sì tètè ń fura pé àwọn kan ń dìtẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ojú wọn ò fọ́, ọpọlọ wọn pé. Ọkàn tí kò rí ohun tó máa dì mú ló ń wá ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀.

Àwa pẹ̀lú, láti kékeré la ti ń gbọ́ pé kì í ṣe ojú lásán. Bí ọkọ̀ bá dànù, a ó bèèrè ẹni tó rán an. Kí wá ni ẹni tó dàgbà sínú èyí máa rò nígbà tí gbogbo ayé tì pa, tí wọ́n ní kòkòrò tín-ń-tín kan ló fà á? Ó kéré jù lójú ẹ̀! Nǹkan ńlá gbọ́dọ̀ ní ẹni ńlá nídìí. Àwọn òyìnbó náà ń rò bẹ́ẹ̀ o. Ní Ìlú Ọba, oṣù kẹrin 2020, wọ́n ń dáná sun òpó tẹlifóònù nítorí 5G. Nàìjíríà ò tíì ní 5G tí ará ìlú ń lò nígbà yẹn, síbẹ̀ àwa náà ń wo òpó àdúgbò tìfura-tìfura.

Ẹnu kan náà ló sì ń sọ pé kò sí kòrónà rárá, tó tún ń sọ pé wọ́n ṣe é láti fi pa aláwọ̀ dúdú. Michael Wood, Karen Douglas àti Robbie Sutton ní Yunifásítì Kent ti rí irú ẹ̀ ní 2012 lórí ọ̀rọ̀ Diana, ìyàwó ọmọọba Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀ tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀: bí èèyàn bá ṣe gbà tó pé ńṣe ni Diana díbọ́n kú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń gbà tó pé wọ́n pa á ni. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni ìgbàgbọ́ pé àwọn aláṣẹ ń fi nǹkan pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa: wọ́n ti ṣe wá bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer gbé òògùn Trovan wá, wọ́n dán an wò. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì wọn ló gba Trovan, 11 nínú gbogbo wọn kú. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe òògùn, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ àwọn àti ìjọba Kano lè parí. Nígbà tí Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní 2003, tí wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, irọ́ ni wọ́n gbà gbọ́, àrùn náà sì tàn dé orílẹ̀-èdè míì. Àmọ́ ta ló kọ́ wọn ní ìfura?

Oṣù kẹwàá 2020 ńkọ́? Àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza l'Ékòó, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tó gun ara wọn bí òkìtì, àmì CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni tó kó owó jọ láti gbógun ti kòrónà, lára wọn. Àwọn gómìnà ní pípín ló kù. Ṣé ẹni tí ebi ti pa láti oṣù kẹrin máa gba irú wọn gbọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ dé?

Àwọn tí mo ń bínú sí ni àwọn tó mọ̀ pé irọ́ ni, tí wọ́n ń fi jẹun: àwọn tó ń ta òògùn tí kò wo nǹkan kan, àti àwọn tó ń ká ohùn sílẹ̀ kí èrò lè pọ̀ lójú ìwé wọn. Ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ ò sí lára wọn.

Àbúrò ìyá mi kan máa ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Mi ò dá a lóhùn níbẹ̀, mo pè é. Mo ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ ń rò wá, mà. Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú abẹ́rẹ́ yìí?” Kò dárúkọ 5G, kò dárúkọ Bill Gates, olówó Amẹ́ríkà tí àwọn oníròyìn òfegè ní ó wà nídìí abẹ́rẹ́ náà. Ọmọ ará ilé wọn kan ló sọ̀rọ̀ ẹ̀, tó kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ní ọsibítù kan, tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún ìyá ọmọ. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, bí wọ́n bá lè ka ọjọ́ tí òògùn náà máa bàjẹ́ sí mi létí, mo máa gbà á.” A lọ, nọ́ọ̀sì kà á, ó gbà á.

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ló béèrè. Ní oṣù kejìlá 2021, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù kan ti kọjá ọjọ́ lọ lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n kó wọn lọ sí ààtàn Gosa ní Àbújá, wọ́n pe àwọn oníròyìn, wọ́n fi katakata tẹ̀ wọ́n pa. Ọ̀pọ̀ bú wọn lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, wọn ò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí àrùn náà ti dé, torí ìta gbangba ni wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ṣe ṣírò owó kòrónà tó wọlé fún wa, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, kí àrùn míì tó dé.